Àpòòwé Méjì Lábẹ́ Fóòmù Àǹtí Diwúrà

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2004, tó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Elkanah Ògúntúndé kú lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù, nínú ọgbà ilé bàbá rẹ̀ ní Ikosi. Kò ṣàìsàn. Kò ṣubú. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní kí Ìbùkún àbúrò òun bu omi wá fún òun. Ìbùkún wọlé, ó bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, ó jáde. Kó tó dé ìdí bẹ́ǹṣì, orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ sí àyà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Lẹ́tà tí yunifásítì ìjọba kan ní Jámánì fi gbà á wọlé wà lórí itan rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí wọ́n pè é fún físà.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Mojí ìyá rẹ̀ kò tẹ̀ lé òkú, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí fún un, nítorí nílẹ̀ wa òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bàbá Elkanah ti kú láti ọdún 1991. Nítorí náà Àǹtí Diwúrà, ẹ̀gbọ́n bàbá náà, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé kan náà, ló dúró fún ẹbí. Òun ló tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tó gbé pósí. Nígbà tó dé, ó fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ yàrá rẹ̀, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi mọ́.

Dókítà kọ nǹkan kan sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ tí àdúgbò fẹ́ ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó kó àga àwọn tó wá kí ọlọ́fọ̀ kúrò. Ọmọkùnrin kan fẹ́ lọ sí ìlú òyìnbó, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó kú. Ta ni kò fẹ́ kó lọ?

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pe Mojí ní Mummy Elkanah mọ́. Gbogbo ará ilé yí i sí Mummy Ìbùkún, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ lójú egbò. Àǹtí Diwúrà nìkan ni kò yí i.

"Ìyá Elkanah, ṣé dáadáa lo jí?"

Àárọ̀ kan kò yẹ̀ tí kò ní í kí i bẹ́ẹ̀. Mojí á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Á máa to òwú àti bọ́tìnì sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, sísọ́ọ̀sì rẹ̀ á máa mì ní ìbàdí níbi tó so ó mọ́ pẹ̀lú okùn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó gbà pé ńṣe ni obìnrin náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, òwìwí kan bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé igi fúrúùtù náà nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń kìrun Mọ̀gàríbà ní mọ́ṣáláṣí òdìkejì ló máa ń dé. Á ké lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́, á tún ké.

"Ẹyẹ yìí, ṣé ó ti gba yàrá nílé yìí ni?" Karimot ló sọ bẹ́ẹ̀. Onídìrí ni, ará Ìsẹ́yìn, ó ń gbé yàrá kejì lápá ọ̀tún. "Èmi tí mò ń gbé ibí láti ọjọ́ yìí, n kì í pariwo tó báyìí."

Mojí ṣa òkúta, ó jù ú sókè igi.

"Fi í sílẹ̀," ni Àǹtí Diwúrà wí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ó ní ọmọ nínú ihò lókè yẹn."

Mojí yíjú sí i. "Ẹ mọ̀ pé ó ní ọmọ, Àǹtí mi?"

"Mo gbọ́ ohùn wọn."

"Ẹ gbọ́ ohùn wọn." Mojí ju òkúta kejì sílẹ̀. "Ó dáa. Ẹ bá mi bi í bóyá òun náà ti sin ọ̀kan rí."

Àǹtí Diwúrà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìbùkún ka kẹ́místìrì, ó jáde ní 2005, ó sì ṣe àgùnbánirọ̀ rẹ̀ ní Jigawa. Nígbà tó padà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Jámánì náà lòun fẹ́ lọ, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ omi di mímọ́. Kànga ilé wọn ti pọ́n bí tíì láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ṣáláńgá tuntun sí ẹ̀yìn ògiri. Yunifásítì ìjọba lọ́hùn-ún kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àlejò. Ìwé pípé nìkan ni wọ́n ń béèrè. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni èèyàn ń fi kọ̀ǹpútà kún, ṣùgbọ́n èsì ẹ̀kọ́ láti iléèwé ẹni gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Iléèwé kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú kan inú rẹ̀. Wọ́n á lẹ ẹnu àpòòwé pa, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ pupa sórí ibi tí wọ́n lẹ̀, akọ̀wé á fọwọ́ sí i.

Mojí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Wòlíì Enoch, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lódìkejì gọ́tà ilé wọn, pákó kan péré ni wọ́n fi ń dá a kọjá. Wòlíì di ojú, ó la ojú.

"Ọwọ́ kan wà nínú ilé tó ń di ìwé ọmọ yín mú. Èyí ẹ̀gbọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé rẹ̀ lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ gbé e mọ́. Ẹ̀yin ìyá ni kẹ́ ẹ gbé e. Ẹ jẹ́ kó sùn lórí pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fi òróró kan ìwé náà kó tó kúrò nílé."

Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìbùkún kọ orúkọ gbogbo ìwé tó yẹ kó lọ sójú ewé kan, mẹ́fà ni wọ́n, ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi wọ́n ránṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, èsì dé sínú í-méèlì: ìwé yín kò pé, a kò lè gbé ìbéèrè yín yẹ̀ wò.

Wọ́n tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mẹ́fà náà ló fa ìlà sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, gbólóhùn kan náà ló dé.

Ìwé pé ní Ikosi, kò pé ní Jámánì. Kò sí ohun tó da orí Ìbùkún rú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kọ̀wé béèrè ohun tó dín. Ó ti dúró lẹ́nu fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba tó ní Nàìjíríà tó fi mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti lé, tó bá tún bi ìbéèrè, èébú ni yóò gbà kún un.

Karimot ní tirẹ̀ rí ìdáhùn.

"Mummy Ìbùkún, ẹ má bínú o, ẹnu mi ló máa ń yá. Ẹyọ kan ni wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, ẹyọ kan péré. Wọ́n á yọ ojú ewé kan lójú òfuurufú, wọ́n á jẹ́ kí ìyókù lọ."

"Àjẹ́ wo ló fẹ́ tẹ̀ lé ìwé dé Jámánì?"

"Ṣé wọ́n ń béèrè físà lọ́wọ́ àjẹ́ ni?" Karimot rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé àǹtí yín máa ń jáde ní ìdájí?"

"Ìgbà wo?"

"Gbogbo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù. Mo mọ̀ ọ́n torí ọjọ́ kẹsàn-án ni mo máa ń gbé Faridah ọmọ mi lọ gba oògùn, mo sì máa ń tètè jí. Á di nǹkan kan sábẹ́ ìró, ó gùn báyìí. Tó bá fi máa padà, erùpẹ̀ pupa á ti bo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ wò ó, ẹrẹ̀ dúdú la ní ní Ikosi. Níbo ló ti ń rí pupa?"

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó tẹ̀ lé e, Mojí jí ní aago mẹ́rin, ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó rí Àǹtí Diwúrà tó ṣí géètì láìjẹ́ kó dún. Nǹkan kan gùn lábẹ́ ìró rẹ̀. Òwìwí náà ké. Àǹtí Diwúrà gbé ojú sókè wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó mọ̀, ó sì lọ. Mojí fẹ́ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Nígbà tí ọdún 2008 dé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje ni wọ́n máa pa ilẹ̀kùn ìbéèrè dé ní Jámánì. Ìbùkún ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé tí eléyìí bá tún kùnà, òun kò ní béèrè mọ́, òun yóò wá nǹkan mìíràn fi ayé òun ṣe. Ìyá rẹ̀ gba àpòòwé èsì ẹ̀kọ́ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Ní Ketu, Ìbùkún máa ń lo kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù Yàkúbù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú Yàkúbù.

"Sister, bi wọ́n. Kọ ọ́: 'Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dín?' Òyìnbó ò ní na pankẹ́rẹ́ jáde látinú kọ̀ǹpútà."

"Tí wọ́n bá bínú ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ? Admission tó ò ní?"

Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdeè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, ó lọ sùn síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà mọ́jú, torí òru ni owó rẹ̀ kéré. Nẹ́tíwọ̀kì lọ ní aago mọ́kànlá. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, nẹ́tíwọ̀kì kò sì padà títí ó fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méje lù. Ìgbà yẹn ni Ìbùkún ráyè ṣí í-méèlì rẹ̀. Èsì ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sán àná.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí Yàkúbù tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Nígbà tí ìwé fi jáde, Yàkúbù ti fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀.

"Ṣí i fún mi, Ọ̀gá Yàkúbù. Mo ní láti délé."

"Ilé báwo? Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù nìyí. Sanitation lónìí. Kò sí ìrìn di aago mẹ́wàá. Ṣé o fẹ́ kí àwọn agbófinró KAI gbé ẹ jù sẹ́yìn ọkọ̀ ni?"

Ìbùkún jókòó sórí àga pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Láti Ketu dé Ikosi, ogún ìṣẹ́jú ni fún ẹni tó bá sáré.

Ní Ikosi, gbogbo ilé ti jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì. Ìdun ti yọ wọ́n lẹ́nu láti oṣù kẹta, wọ́n sì ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ ìmọ́tótó yìí, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló máa jáde sí oòrùn. Shittu àti Gbénró, àwọn ayálégbé méjì, ló ń gbé fóòmù láti yàrá dé yàrá. Àǹtí Diwúrà wà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọ abọ́. Wọ́n wọ yàrá rẹ̀, wọ́n gbé fóòmù rẹ̀. Nǹkan méjì bọ́ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ọkọ́ kékeré kan tí erùpẹ̀ pupa gbẹ mọ́ lẹ́nu. Èkejì jẹ́ àpòòwé ńlá méjì tí wọ́n fi òwú dúdú dì pọ̀. Wọ́n ti gé wọn létí. Àbàwọ́n òróró wà lára wọn.

Karimot mú wọn, ó ka ohun tó wà lójú wọn. "Ògúntúndé Ìbùkúnolúwa." Karimot tí í ṣe Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ ké: "Jésù!"

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọgbà fi kún. Wọ́n mú Àǹtí Diwúrà wá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù. Wòlíì Enoch gba orí pákó kọjá gọ́tà wá, láìsí bàtà, nínú aṣọ funfun. Mojí dúró níwájú bẹ́ǹṣì náà. Ó di báàgì tó fi kọ́ èjìká mú.

"Ìyá, kí ni èyí?" Wòlíì ló ń béèrè.

"Àpòòwé ni."

"Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?"

"N kò mọ̀wé, Wòlíì. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò mọ̀wé, ẹ wá fi òwú dúdú dì í?"

"Kí wọ́n má baà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò. Wòlíì gbé ọkọ́ sókè.

"Níbo lẹ ti rí àwọn àpòòwé yìí?"

"Nínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Elkanah ló sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé ìwé tí mo bá ti rí òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀, n kò gbọdọ̀ dà á nù, ìwé gidi ni."

"Ẹ má dárúkọ ọmọ yẹn!" Mojí ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ́ yìí ńkọ́?" ni Wòlíì bi í. "Kí lẹ rì mọ́lẹ̀?"

"N kò ri nǹkan kan mọ́lẹ̀ nílé yìí."

"Níbòmíràn ńkọ́?"

Àǹtí Diwúrà fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nu ìró rẹ̀. "N kò lè sọ ọ́ níwájú ìyá ọmọ."

Ariwo gba ọgbà.

"Ìyá ọmọ wo?" Mojí sún mọ́ ọn títí ojú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. "Ìyá ọmọ tẹ́ ẹ ti pa, àbí ti èyí tó kù tẹ́ ẹ fẹ́ pa?"

"Ìyá Elkanah..."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀! Kó tó di ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ máa kó kúrò nílé yìí."

"Ilé àbúrò mi ni."

"Àbúrò yín náà dà?"

Lẹ́nu géètì, Shittu ń bá àwọn ọmọkùnrin ojúlé kejì sọ̀rọ̀. Gbénró gbọ́ tí wọ́n dárúkọ táyà. Ó wò yíká bóyá ẹlòmíràn gbọ́. Àwọn tó gbọ́ ń wo ilẹ̀.

Aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìbùkún sáré wọ géètì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ kan ti já. Ó rí èrò, ó rí àǹtí rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí, ó sì rí àwọn àpòòwé lọ́wọ́ Karimot.

"Ó ti tán, ọmọ mi," ni Mojí wí. "A ti rí ọwọ́ tó ń di ìwé ẹ mú."

Ìbùkún gba àpòòwé lọ́wọ́ Karimot. 2006 wà lára ọ̀kan, 2007 wà lára èkejì. Ó yí wọn padà. Òǹtẹ̀ pupa ṣì wà lẹ́nu wọn, wọn kò ya, ìbuwọ́lùwé akọ̀wé kò sì fọ́. Etí àpòòwé ni wọ́n gé. Ó fi ìka tọ ibi tí wọ́n gé, ó tọ̀ ọ́ títí dé òpin.

"Òyìnbó ti fèsì," ló wí. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kà á ní Yorùbá fún wọn bó ṣe ń lọ. "Wọ́n ní, lọ́dún méjèèjì, èsì ẹ̀kọ́ mi dé sọ́dọ̀ àwọn nínú àpòòwé lásán, láìsí òǹtẹ̀ iléèwé mi. Wọ́n ní èsì ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí, ńṣe ló dà bí èyí tí kò dé. Wọ́n ní òun nìkan ló dín."

"Ẹ ẹ̀ rí i?" ni Shittu wí lẹ́nu géètì. "Màmá yìí ló ṣí i!"

Karimot ti tún gba àpòòwé kan, ó ń wo ibi tí wọ́n gé. Kò tọ́ bí ojú abẹ. Ó yọ eyín ṣómúṣómú bí ẹnu ayùn. Kò sí ẹni tó ran aṣọ rí ní òpópónà yẹn tí kò mọ eyín náà. Bẹ́ẹ̀ ni Mojí ṣe ń gé àkísà àpẹẹrẹ tó ń lẹ̀ mọ́ páálí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, kó má baà tú létí. Sísọ́ọ̀sì eléyín kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò. Ó wà ní ìbàdí Mojí níbi tó dúró sí, ó ń mì.

Gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Ojú Mojí náà lọ síbẹ̀.

"Òróró ni mo fi kàn án," ló wí.

"Mummy."

"Wòlíì ní kí n fi òróró kan ìwé náà. Mo rò ó pé tí mo bá fi kan àpòòwé, kò kan orúkọ ẹ. Inú ni orúkọ ẹ wà. N ò ya òǹtẹ̀ wọn o! Mo rọra gé e létí. Mo fi òróró kan orúkọ ẹ níbi mẹ́ta, mo pe Jésù sí i. Òróró wá ta sí àpòòwé. Mo ní kò yẹ kí ìwé ọmọ mi lọ bá òyìnbó pẹ̀lú ìdọ̀tí. Mo ra tuntun, èyí tó funfun, tó nípọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi da àdírẹ́ẹ̀sì kọ. Mo kọ ọ́ dáadáa, Ìbùkún. Mo kọ ọ́ dáadáa."

"Èmi ò ní kẹ́ ẹ ṣí i," ni Wòlíì Enoch wí.

"Ẹ ò ní kí n má ṣí i."

Wòlíì wo pákó orí gọ́tà bí ẹni pé ó ti jìnnà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Tọdún yìí dà, Mummy?" ni Ìbùkún béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ga.

Mojí ṣí báàgì rẹ̀. Ìgò òróró wà níbẹ̀, àpòòwé funfun tuntun wà níbẹ̀, èsì ẹ̀kọ́ náà sì wà láàárín wọn, òǹtẹ̀ rẹ̀ pupa, gbogbo etí rẹ̀ pé. Lẹ́yìn ìmọ́tótó ló fẹ́ gé e. Ìbùkún gbà á, ó fi mọ́ àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìgbà yẹn.

Èèyàn tí ojú bá tì tó báyìí máa ń wá nǹkan tó máa dì mú. Mojí na ìka sí ọkọ́ tó wà nílẹ̀.

"Ká gbà pé èmi ni mo gé àpòòwé. Ọkọ́ ńkọ́? Ìdájí tí wọ́n ń jáde ńkọ́? Ẹ bi wọ́n! Gbogbo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù, láti ọdún mẹ́rin, gbogbo ọjọ́ kẹsàn-án..."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Ó dúró. Ó wo erùpẹ̀ pupa tó gbẹ mọ́ ọkọ́. Ó wo Àǹtí Diwúrà, tó tẹ̀ lé pósí lọ́jọ́ ìsìnkú, tó padà wá fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó sì sọ lẹ́ẹ̀kan báyìí pé òun kò lè sọ ọ́ níwájú ìyá ọmọ.

Obìnrin arúgbó náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ táyà lẹ́nu géètì. Ó la ẹnu.

"Ìyá Elkanah, tó o bá ní dandan ni kí n sọ ọ́..."

"Ẹ má sọ ọ́." Mojí ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ìdọ̀tí tí wọ́n gbá jọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́."

Kò sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì tún béèrè. Shittu kúrò lẹ́nu géètì. Karimot gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìbùkún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpòòwé náà lọ sí iléeṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà lọ sókè òkun. Ní ọjọ́ Túsìdeè, Àǹtí Diwúrà di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì Gánà méjì. Mojí bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó mú Karimot àti Gbénró dání kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti gbọ́," ni Àǹtí Diwúrà wí. "Kò sí nínú mi mọ́."

Ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú ẹrù rẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ́, nílé bàbá wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òwìwí dé sórí igi fúrúùtù, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta. Karimot wà níta, ó ń dirí fún ẹnì kan. Ó gbójú sókè wò ó. Ó padà sí irun tó ń dì.

Lẹ́tà dé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gba Ìbùkún wọlé. Físà ṣì wà níwájú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa rí. Ní Sátidé, Ìbùkún mú lẹ́tà náà lọ sí Ìfọ́, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, Mojí ní kó máa wọlé lọ. Ó fa nǹkan kan tó fi bébà yí jáde nínú báàgì, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì dúró sídìí ògiri níta.

Àǹtí Diwúrà wà lórí ẹní. Ìbùkún kúnlẹ̀, ó ka lẹ́tà náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Arúgbó náà gba àpòòwé rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹnu rẹ̀.

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ó dáa. Ṣé o ṣì nílò àpò rẹ̀?"

"Rárá, mà."

Ó fi í sábẹ́ ẹní. Ìgbà náà ni Ìbùkún gbé ohun tí ìyá rẹ̀ fi rán an síwájú rẹ̀. Àǹtí Diwúrà tú bébà. Ọkọ́ tuntun ni, èrúkọ́ rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀. Ọkọ́ àtijọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Ó ṣì ń wọ mọ́tò wá sí Èkó ní gbogbo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù, á ro koríko ibi tó wá ro, á padà, láìyà sí Ikosi.

Ó gbé ọkọ́ náà lé itan. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò bá Ìbùkún sọ ọ́. Ó gbé ohùn sókè, kó lè kọjá ògiri.

"Ìyá Elkanah!"

Níta, obìnrin tó dúró nínú oòrùn gbọ́ orúkọ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, ó dáhùn.

"Mà!"